Fífọ Ṣíìpù Gíláàsì Oníhò Tẹ́ẹ́rẹ́ Kí A Lè Tún Un Lò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ìgbà tí ṣíìpù gíláàsì ti wọ yàrá àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kábà, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnìkan má bi mí bí a ṣe ń fọ̀ ọ́. Àwọn kan ń pè láti Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn a máa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí kí ó lè wúlò fún ẹni tó bá ní irú rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti rí ṣíìpù tó lo ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ oníṣẹ́, mo sì ti rí èyí tó kú ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Wákàtí tó tẹ̀ lé òpin iṣẹ́ ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Kí ni ṣíìpù yìí gan-an?

Gíláàsì pẹlẹbẹ méjì ni, tí wọ́n gbé lé ara wọn tí wọ́n sì fi iná lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, láìsí gọ́ọ̀mù. Kí wọ́n tó pa wọ́n pọ̀, wọ́n ti fi ásíìdì gbẹ́ ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sára ọ̀kan, wọ́n sì ti lu ihò sí ìkejì kí omi lè ráàyè wọlé, kí ó sì ráàyè jáde. Ọ̀pọ̀ wọn kò tóbi ju gíláàsì tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkópù lọ, ìyẹn mílímítà 75 ní 25. Ojú ọ̀nà inú rẹ̀ lè fẹ̀ ní 100 máíkírómítà (1,000 rẹ̀ ló wà nínú mílímítà kan), kí ó sì jìn ní 50. Ẹyọ irun orí ènìyàn kan tó nǹkan bí 70. Inú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni a ti ń po kẹ́míkà, tí a ti ń ya nǹkan kúrò lára nǹkan, tí a ti ń ka sẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú omi tí kò tó ẹ̀kán kan.

Ní 1990 ni onímọ̀ kẹ́míkà Andreas Manz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èrò náà jáde pé a lè kó iṣẹ́ odindi yàrá àyẹ̀wò sórí ohun kékeré kan. Ẹni tó bá ti fi Neubauer ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rí ti mọ ìbátan rẹ̀: gíláàsì ni Neubauer náà, ààyè tí omi ń dúró sí nínú rẹ̀ kò jìn ju 0.1 mílímítà lọ, a sì ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Kí ló dé tí a ò kàn ra tuntun?

Owó rẹ̀ pọ̀, ilẹ̀ òkèèrè ló sì ti ń wá. Kí ó tó gba Èkó tàbí Àbújá dé Lọ́kọ́jà, kí ó tó wá dé ọ̀dọ̀ wa, sáà ẹ̀kọ́ kan lè ti parí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gíláàsì kì í mu kẹ́míkà sínú bí rọ́bà àti ike ṣe ń ṣe, kì í wú, kò sì bẹ̀rù iná tó bá mọ níwọ̀n. Ohun tí Ọlọ́run dá ní fífọ̀ ni. Ẹni tó bá lo ẹ̀ẹ̀kan tó jù ú nù ti fi owó ṣòfò.

Mo parí iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ṣé mo lè fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀ ọ̀la?

Rárá o. Kí ẹ tó yọ rọ́bà tí omi ń gbà wọlé kúrò lára rẹ̀, kí omi mímọ́ ti gba inú rẹ̀ kọjá ná.

Ẹ wo abọ́ tí a fi jẹ iyán. Bí a bá fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ìka ọwọ́ nìkan tó o. Bí ó bá di òwúrọ̀, a óò wá nǹkan ha á. Inú ṣíìpù, kò sí ọwọ́ tó lè dé ibẹ̀, kò sì sí ohun tí a lè fi ha á. Ẹnu ihò ni omi ti máa ń kọ́kọ́ gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ a sì dì síbẹ̀ bí òkúta. Púrótéènì tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó máa ń rọ̀ mọ́ gíláàsì kódà nígbà tí omi ṣì wà. Bí ó bá wá gbẹ lé e, ó di awọ.

Èmi fúnra mi ti jẹ̀bi rí. Ọjọ́ Ẹtì kan, mo ń fi funfun ẹyin tí a pò mọ́ omi iyọ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí omi méjì ṣe ń sàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìpò pọ̀. Iná lọ, òjò ṣú, gbogbo wa kó ẹrù wa, a sá lọ sílé. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo tó rántí. Nígbà tí mo gbé ṣíìpù náà sábẹ́ máíkírósíkópù, mo rí i ní oríta ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé: awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan nà dí ojú ọ̀nà, ó rí bí èyí tó máa ń dì sójú ògì tó ti tutù, iyọ̀ sì tò sára rẹ̀ ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, tó ń dán. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bá a jà. Ṣíìpù méjì ni a lò lọ́jọ́ náà, ọ̀kan ló padà bọ̀ sípò. Ìkejì sán mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí ìkánjú mi nídìí ìléru, èmi yóò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún àti omi mílílítà méjì ni ìbá gbà mí ní ọjọ́ Ẹtì yẹn.

Ìdọ̀tí kékeré bẹ́ẹ̀, kí ló lè ṣe?

Omi tó ń gba inú páìpù kọjá kì í dín kù ní ìwọ̀n tí páìpù fi fún. Bí ìbú inú páìpù róbótó bá dín sí ìdajì, omi tó ń jáde lábẹ́ agbára kan náà a dín sí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀nà kan fẹ̀ ní 50 máíkírómítà, tí ìdọ̀tí máíkírómítà 5 wá lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ yíká. Ààyè tó kù jẹ́ 40. Omi tí yóò máa jáde kò ní ju nǹkan bí 41 nínú 100 lọ. Ojú yín kò ní rí ìdọ̀tí náà, ṣùgbọ́n èsì àyẹ̀wò yín ti yí padà. Nítorí náà ni mi ò ṣe gbà bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ṣíìpù rẹ̀ mọ́ nítorí pé ojú rẹ̀ ń dán.

Apá kejì ìṣirò yìí ni ìtùnú. Ọ̀nà tó fẹ̀ ní 100 máíkírómítà, tó jìn ní 50, tó sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 5, omi tó ń kún inú rẹ̀ kò ju 0.25 máíkírólítà lọ (1,000 rẹ̀ ló wà nínú mílílítà kan). Mílílítà kan péré ti fọ̀ ọ́ ní ìgbà 4,000. Kì í ṣe omi púpọ̀ ni ìwẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́. Omi tó tọ́, ní àkókò tó tọ́, ló ń fẹ́.

Omi wo ni kí n lò? Ṣé omi kànga kò tó?

Kò tó. Omi tó bá ti inú ilẹ̀ wá máa ń gbé kálísíọ́mù bọ̀, pàápàá níbi tí òkúta ẹfun bá wà, irú èyí tí wọ́n ń wà fún sìmẹ́ńtì ní Ọ̀bájánà. Ẹ yẹ ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù yín wò: ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ni yóò lẹ̀ mọ́ inú ṣíìpù. Omi òjò kò ní kálísíọ́mù púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti fọ eruku orí páánù kó tó dé inú garawa. Omi inú ọ̀rá, pure water, mo lè fi ṣan ara òde ṣíìpù. Kò gbọdọ̀ jẹ́ òun ni yóò kẹ́yìn sínú rẹ̀.

Omi tí a sè, tí a sì gba ooru rẹ̀ di omi padà, ni kí ẹ lò. Bí yàrá àyẹ̀wò yín kò bá ní ẹ̀rọ rẹ̀, àwọn tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe máa ń ta á. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ gidigidi: omi méjì ni wọ́n ń pè ní omi bátìrì, ọ̀kan jẹ́ omi lásán, ìkejì jẹ́ ásíìdì. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike kí ẹ tó sanwó.

Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ sẹ́ ẹ. Asẹ́ kékeré tí a ń fi sẹ́nu sírínjì, tí ojú rẹ̀ jẹ́ 0.2 máíkírómítà, ni mo ń lò. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ wọ inú ṣíìpù ni kí ó gba ibẹ̀ kọjá: omi, ọṣẹ, ẹ́tánọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣíìpù tí wọ́n gbé wá bá mi pé ó dí, omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ gan-an ló dí i.

Báwo ni ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́?

Omi tí mo fi ṣiṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń tú gba inú rẹ̀, èyí tí kò ní ohun tí à ń yẹ̀ wò nínú. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú omi iyọ̀, omi iyọ̀ mímọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni omi lásán, mílílítà kan ó kéré tán. Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò. Wọ́n á sáré gbé ẹ́tánọ́ọ̀lù nítorí pé ó ń pa kòkòrò. Bí ẹ́tánọ́ọ̀lù bá pàdé púrótéènì tàbí iyọ̀ tó pọ̀ nínú omi, ńṣe ló máa ń mú un dì lójú ẹsẹ̀. Ẹ ti fi ọwọ́ ara yín dí i nìyẹn.

Lẹ́yìn omi, kọ́sítìkì sódà. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Gíráàmù 4 nínú lítà omi kan ni mo ń pò fún ti ojoojúmọ́. Bí ìdọ̀tí bá le, gíráàmù 40 nínú lítà kan. Sódà ni a ń dà sínú omi, a kì í da omi lé sódà, nítorí ó máa ń gbóná, ó sì lè ta sí ènìyàn lójú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi awò bo ojú. Inú ike ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Mo máa ń jẹ́ kí ó gba inú ṣíìpù kọjá fún ìṣẹ́jú 10. Ó ń jẹ púrótéènì àti ọ̀rá, ó sì tún ń sọ ara gíláàsì di èyí tó fẹ́ràn omi, tí omi tuntun yóò fi wọlé láìsí wàhálà. Ẹ má fi sínú rẹ̀ mọ́jú, ẹ má sì gbé e kaná, torí sódà ń jẹ gíláàsì pẹ̀lú, díẹ̀díẹ̀.

Omi lẹ́ẹ̀kan sí i, títí pépà lítímọ́ọ̀sì, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà bí sódà bá ṣì wà, kò fi ní yí àwọ̀ padà mọ́ níbi tí omi ti ń jáde. Ẹ́tánọ́ọ̀lù ló kàn, ó ti láǹfààní báyìí. Lẹ́yìn rẹ̀, mo máa ń fi sírínjì ńlá ti afẹ́fẹ́ gba inú asẹ́ kọjá sínú ṣíìpù títí yóò fi gbẹ.

Bí ó bá jẹ́ òróró ni mo lò, mo máa ń fi isopropanol, ìbátan ẹ́tánọ́ọ̀lù, ṣíwájú, nítorí ó bá òróró rẹ́, ó sì tún bá omi rẹ́. Omi kò lè lé òróró kúrò níbi tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé a lè fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́? Òun ni ìyá wa fi ń fọ gbogbo nǹkan.

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí, nítorí ẹni tó bi í ronú. Eérú ni a fi ń se ọṣẹ dúdú, ti èèpo kòkó tàbí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú òróró bí àdín. Agbára tó wà nínú omi eérú yẹn jẹ́ ìbátan sódà tí mo sọ lókè, ìyẹn ló fi ń ṣiṣẹ́ lára àwo àti aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹyọ eérú ṣì wà nínú ọṣẹ náà, èyí tó tóbi ju ọ̀nà inú ṣíìpù lọ. Bí ọṣẹ olóròóró bá sì pàdé omi oní-kálísíọ́mù, ó máa ń dì di ìdọ̀tí tó ń lẹ̀, irú èyí tó máa ń yí etí báàfù ká. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ náà kò dára, nítorí kì í yọ́ tán. Ọṣẹ olómi díẹ̀, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, tí a sì sẹ́, kò burú.

Ó ti dí. Omi kò lọ mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lára sírínjì ná. Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á wá sírínjì kékeré, wọ́n á fi àtàǹpàkò tì í tokuntokun. Bí sírínjì bá ṣe kéré tó ni agbára tó ń tì jáde ṣe pọ̀ tó. Àtàǹpàkò kan náà, lórí sírínjì mílílítà 1, ń fi ìlọ́po tó lé ní 15 ti omi ju orí sírínjì mílílítà 20 lọ. Báyìí ni ṣíìpù ṣe ń là, báyìí náà sì ni rọ́bà ṣe ń já tí kẹ́míkà fi ń ta sójú ènìyàn.

Ẹ gbé e sábẹ́ máíkírósíkópù kí ẹ wo ibi tó ti dí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu ihò ni, tàbí oríta, tàbí ibi tí ọ̀nà ti ń fún. Ẹ wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ nìkan lè dá omi dúró pátápátá. Tí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ fi ẹ́tánọ́ọ̀lù lé e jáde, kí ẹ tó wá fi omi tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé kò sí iyọ̀ tàbí púrótéènì nínú rẹ̀ kí ẹ tó ṣe é.

Bí ó bá jẹ́ ìdọ̀tí, ẹ fà á padà síbi tó gbà wọlé. Ohun tó wọ ọ̀nà tó ń fún, tó wá há, ẹ̀yìn ló rọrùn fún un láti gbà jáde. Ẹ fi sírínjì ńlá fa omi láti ẹnu ọ̀nà ìwọlé, kí omi mímọ́ máa ti ẹnu ìjáde wọlé. Fífà sàn ju títì lọ, nítorí bí ó ti wù kí ẹ fà tó, agbára rẹ̀ kò lè kọjá ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká.

Bí kò bá jáde, ẹ bi ara yín léèrè ohun tó jẹ́. Iyọ̀ ń yọ́ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bí ẹ bá ní sùúrù. Ẹ rì ṣíìpù náà sínú rẹ̀ mọ́jú. Púrótéènì àti sẹ́ẹ̀lì, sódà líle, wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀. Funfun ìdí kẹ́tùlù ń yọ́ nínú fíníga tí a sẹ́. Òwú aṣọ tàbí fọ́nrán pépà kì í yọ́ nínú ìkankan nínú wọn, iná ló ń gbọ́. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ oníke, iná náà ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi irú èròjà gíláàsì ṣe ló há, tí kò sì gbọ́ fífà, ohun tó lè yọ́ ọ ni yóò yọ́ ṣíìpù náà pẹ̀lú.

Ẹ̀rọ ìwẹ̀ tó ń fi ohùn tí etí kò lè gbọ́ mi omi máa ń ràn wá lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú 2, ẹ dúró, ẹ fà á, ẹ tún ṣe é. Tí wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu rọ́bà mọ́ ara ṣíìpù yín, ẹ jìnnà sí ẹ̀rọ yìí.

Mo gbọ́ pé ẹ ń fi iná sun ún. Ṣé kò ní yọ́?

Kò ní yọ́ bí ẹ bá mọ ìwọ̀n. Ohunkóhun tó bá ti ara ẹran, ewéko tàbí ike wá ń jó dànù ní 450 nínú òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́sì. Gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe ṣíìpù kì í bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní ìwọ̀n yẹn. 510 sókè ni kí ẹ máa bẹ̀rù. Ìléru tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ fi ń sun oúnjẹ ẹran di eérú tó o ṣe é, ṣùgbọ́n 550 ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí. Ẹ má bá wọn fi ṣíìpù yín sí i papọ̀.

Kíkọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ṣe pàtàkì. Iyọ̀ kì í jó. Yóò dì mọ́ gíláàsì ni. Òróró sílíkónì kì í jó tán: ohun tó ń ṣẹ́kù lára rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá gíláàsì, kò sì ní jáde mọ́ láéláé. Òróró tó ní fúlúórínì nínú kò gbọdọ̀ dé inú ìléru rárá, èéfín rẹ̀ lóró. Ẹ yọ gbogbo rọ́bà àti ohun tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ kúrò. Ṣíìpù tí apá kan rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tàbí tó ní wáyà irin nínú, iná kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí iná náà máa gòkè ní òṣùwọ̀n 3 ní ìṣẹ́jú kan. Láti 25 dé 450, ó ń lọ sí wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí ó dúró níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, kí ẹ sì pa á. Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí. Òṣùwọ̀n ṣì wà ní 180 nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, nítorí pé kíláàsì ti ń dúró. Mo gbé ṣíìpù kejì yẹn lé orí tábìlì onítáìsì. Ohùn tó dún kò ju ohùn ìgbà tí a ṣẹ́ ẹyọ ìṣáná lọ. Ìlà kan sáré láti ẹnu ihò dé ẹnu ihò. Gíláàsì tó wọ́pọ̀, irú ti fèrèsé, ń fi ìlọ́po tó sún mọ́ mẹ́ta wú ju gíláàsì borosilicate, irú tó ń fara da ooru, lọ bí ooru bá mú un, ìdí nìyẹn tí tiwa fi sán bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti pa ìléru, ilé ni mò ń lọ. Òwúrọ̀ ni mò ń ṣí i.

Íńtánẹ́ẹ̀tì ní kí a fi piranha fọ̀ ọ́.

Ẹ má ṣe é. Ásíìdì súlúfúríkì ni wọ́n ń pò mọ́ hydrogen peroxide. Ó ń fúnra rẹ̀ hó bí omi orí iná. Bí ẹ́tánọ́ọ̀lù tàbí acetone bá kù díẹ̀ nínú ṣíìpù, ó lè bú gbàmù. Bí ẹ bá dé ìgò rẹ̀, ìgò á fọ́. Àwọn tó ń lò ó ní àpótí tó ń fa èéfín jáde, wọ́n ní aṣọ àti ìbọ̀wọ́ tirẹ̀, wọ́n sì ti kọ́ ọ lábẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tó ń ṣe náà ni ìléru ń ṣe fún wa, láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Ásíìdì hydrofluoric tí wọ́n fi ń gbẹ́ gíláàsì ńkọ́? Kò gbọdọ̀ wọ yàrá àyẹ̀wò yín. Ó ń gba awọ ara wọlé, ó sì ń wá kálísíọ́mù inú ara lọ, títí dé egungun. Ó lè má tiẹ̀ kọ́kọ́ dun ènìyàn.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti gba inú rẹ̀ kọjá?

Omi iyọ̀ 0.9 nínú 100 ni kí ẹ fi ṣáájú, kì í ṣe omi lásán. Omi lásán ń bẹ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, ohun inú wọn á sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Kí ohun tó ń jáde máa kán sínú ife tí bílíìṣì ti wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bílíìṣì nínú ṣíìpù fúnra rẹ̀. Bí ti inú ike yín bá jẹ́ 3.5 nínú 100, ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n mẹ́fà ń fún yín ní 0.5. Ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ tó fi omi púpọ̀ ṣàn án, kí sódà tó tẹ̀ lé e.

Bílíìṣì àti fíníga kò gbọdọ̀ pàdé, ì báà jẹ́ nínú ṣíìpù, ì báà jẹ́ nínú ife ìdọ̀tí. Gáàsì kílórínì tó ń jáde níbẹ̀ ń jó ẹ̀dọ̀fóró. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó kó ohun méjèèjì dà sínú garawa kan, gbogbo wa la bọ́ síta.

Èrò tèmi lórí àyẹ̀wò aláìsàn nìyí: ṣíìpù tí a fọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a fi ń sọ fún ènìyàn pé ó ní àrùn tàbí kò ní. Fún ìkọ́ni àti ìwádìí, a lè fọ̀ ọ́ títí. Fún ẹ̀jẹ̀ ìyá ẹni tó ti Mọ́pà wọkọ̀ wá, kí a lo ohun tuntun. Àwọn kan sì béèrè nípa àyẹ̀wò ibà oníbébà: ìyẹn kì í ṣe gíláàsì, a kì í fọ̀ ọ́ rárá.

Wọ́n ní wọ́n ti kun inú ṣíìpù tèmi.

Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi kùn ún kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Kíkùn tó ń mú kí gíláàsì kọ omi, tí a nílò bí a bá ń fi òróró gé omi sí ẹ̀kán wẹ́wẹ́, sódà àti iná ń ṣí i kúrò. Isopropanol àti omi nìkan ni kí ẹ lò fún un.

Iná ọba ń lọ lójijì. Pọ́ǹpù mi á dúró láàárín iṣẹ́.

Ẹ máa fi sírínjì omi mímọ́ sí tòsí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹnu tó bá rọ́bà yín mu. Bí iná bá lọ, ẹ má dúró dè é ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ fi ọwọ́ ti omi náà wọlé pẹ̀lẹ́. Tàbí kí ẹ ṣe bíi tèmi. Mo gbé ìgò kọ́ sórí irin tí wọ́n fi ń gbé omi fún aláìsàn, sẹ̀ǹtímítà 50 sókè ṣíìpù. Gíga yẹn nìkan ń fúnni ní agbára bíi kilopascal 5, kò sì bèèrè epo jẹnẹrétọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ́ lóòótọ́?

Ìgò tí mo gbé kọ́ yẹn náà ni. Ní ọjọ́ tí ṣíìpù ṣì jẹ́ tuntun, ẹ jẹ́ kí omi gba inú rẹ̀ fún wákàtí kan láti gíga 50 sẹ̀ǹtímítà, kí ó kán sínú ìgò kékeré tó ní ọmọrí kí ó má bàa gbẹ, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ èyí tí mo sọ lókè yóò fún yín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíráàmù. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn ìfọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ tún un ṣe. Bí nọ́ńbà náà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ohun kan wà nínú rẹ̀, bí ẹ ò tiẹ̀ rí i. Kí ooru yàrá jọra o, nítorí omi tó gbóná ń yára sàn ju èyí tó tutù lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń fi àwọ̀ oúnjẹ tí a sẹ́ ránṣẹ́ sínú rẹ̀, mo sì ń wò ó bóyá ó kún gbogbo igun, bóyá ó sì kúrò tán nígbà tí omi dé.

Níbo ni kí n tọ́jú rẹ̀ sí nígbà ọyẹ́?

Inú abọ́ ike tó ní ọmọrí, kí ẹ fi téèpù bo ẹnu ihò rẹ̀, èyí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í ṣẹ́kù. Eruku ọyẹ́ ń wọ ibi tí ẹ ò rò. Gbígbẹ ni kí ó wà, bí ó bá ti mọ́ tán.

Ìgbà wo ni kí n jù ú nù?

Nígbà tó bá ti ní ìlà tó sán dé ojú ọ̀nà omi. Nígbà tí inú rẹ̀ bá ti di kùrukùru tí sódà kò lè ṣí i. Nígbà tí nọ́ńbà inú ìwé yín bá dín, tí iná àti sódà kò sì dá a padà. Inú ike líle ni kí ẹ jù ú sí, bí abẹ́rẹ́, kí àwọn tó ń kó ìdọ̀tí má bàa fi ọwọ́ gbá a mú.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè gbé tèmi wá láti Ẹ̀gbẹ̀ kí ẹ bá mi wò ó?

Ẹ gbé e wá. Ṣùgbọ́n ẹ rì í sínú omi mímọ́, nínú ike tó ní ọmọrí, kí omi bò ó mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi téèpù di ọmọrí náà nítorí ọ̀nà. Ẹ kọ ohun tó gba inú rẹ̀ kọjá kẹ́yìn sára ike, àti ohun tí ẹ ti dà sí i láti ìgbà náà, gbogbo rẹ̀, kódà èyí tí ojú ń tì yín láti sọ. Ẹ má gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ nínú oòrùn.